Ògiri Tí Màmá Ń Fọwọ́ Rẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn kí n tó wá kó ara mi sí wàhálà yìí. Abúlé wa jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Tí òjò bá ti le, odò a yí i po, ọlọ́kadà a ní òun ò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ní kí àlejò máa wá wòran o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń ní kí n padà wá lọ́la. Ojú mi rí màbo.

Ilé ẹrẹ̀ bàbá bàbá mi ni mo fẹ́ fi han àwọn àlejò. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, a po ẹrẹ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi rẹ́ ògiri náà, wọn a sì fi ìka fa ọnà sí i lára. Àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n bá lọ, ó parí nìyẹn.

Nígbà tó yá, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kan l'Ékòó gbà láti wá. Mo sáré lọ sí Adó lọ gba ìwé àṣẹ fún àbẹ̀wò náà, mo sì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Kí n tó dé, àwọn ará ilé ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà látòkè délẹ̀, wọ́n tún kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bí àlejò bá ń bọ̀ níbi tiwa, a kì í fi ilé sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ó yẹ kí n ti rántí.

Mo figbe ta. "Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

Màmá ní, "Èmi ni. Kí a kó àlejò wọ ulé ẹrẹ̀? Ojú á tì wá."

"Màmá, ọnà yín ni wọ́n ń bọ̀ wá wò!"

Wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi. Awọ ibẹ̀ ti bó, oríkèé ìka ti wú.

"Ọmọ mi, uṣẹ́ ọ̀ún ti sú mi tipẹ́. Torí inú rẹ ń dùn sí i ni mo ṣe ń ṣe é."

Àwọn àlejò wá, wọ́n ya fọ́tò odò, wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ. Mo bínú sí sìmẹ́ǹtì yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ìbínú tán, ó wá ku àárẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá dùn mí ju ti ògiri lọ. Mò ń pariwo káàkiri pé kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má kú, mi ò sì ti ọwọ́ tèmi bọ ẹrẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.