Àpò Tútù Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ẹni tó bá ní oòrùn nìkan ló ń dààmú èèyàn ní Àbújá, kò tíì jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Básíà àti bùtà oníke ni mò ń tà ní Gàríkì nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ìlú náà lọ́wọ́. Páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ gbé ẹyin síbẹ̀, á jinná.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń dá. A ó rẹ àpò kókó sínú omi, a ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gba ara rẹ̀ wọlé, inú ṣọ́ọ̀bù á tutù bí inú àmù. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìkirè, tí wọ́n rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba iṣẹ́ àpò lọ́wọ́ mi.

Òjò rọ̀. Gbogbo ayé ń dúpẹ́ pé ooru ti tán. Irọ́ gbuu! Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ mọ́, ilẹ̀ ń rú èéfín bí ìkòkò àgbàdo. Ìró tí mo sá láàárọ̀ ṣì tutù nírọ̀lẹ́. Bí ìró orí okùn ò bá gbẹ, báwo ni òógùn ara èèyàn á ṣe gbẹ? Òógùn tó bá gbẹ ló ń mú ara tutù. Èyí tí kò gbẹ, ó kàn ń ba búbà jẹ́ ni. Síbẹ̀ ìyá ọkọ mi ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwa, Hausa tó ń fi ọmọlanke ta omi, wọ́n ń dà á sí àpò.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀. Àpò yìí ló ń sè wá."

"Ìyàwó, ṣebí ìwọ lo kọ́ mi?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, Ìyá."

"Ooru ni ooru ń jẹ́."

Ìyàwó wo ló ń já ohun tí ìyá ọkọ fọwọ́ ara wọn kọ́? Ìròyìn á dé Ìkirè kí n tó délé. Mo bẹ ọkọ mi, káfíńtà, pé kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn." Ẹ gbọ́! Bẹ́ẹ̀ ó ti ń rẹ àgbà obìnrin lójú gbogbo wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bá oníbàárà nájà lóde, mo pe ìyá ọkọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò dáhùn. Mo wọlé. Wọ́n fẹ̀yìn ti bùtà mi tòun ti gèlè lórí, wọ́n ń bi mí bóyá kókó ti gbẹ lórí ẹní. Kókó wo, ní Gàríkì? Mo fa àpò náà já tòun tìṣó.

"Kai! Mama!" Mẹ́ruwa tó ń kọjá ju ọmọlanke sílẹ̀. Àwa méjèèjì gbé wọn sábẹ́ igi dógóyárò, mo tú gèlè, mo tú búbà, mo da gbogbo omi mẹ́ruwa sí wọn lọ́rùn àti abẹ́ abíyá, mo ń fi páálí fẹ́ wọn bí ẹni ń koná, títí ọkọ mi tí a ránṣẹ́ sí fi gbé takisí dé tó gbé wa lọ sọ́sibítù.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ojú wọn tó wálẹ̀. Wọ́n wò mí.

"Ìyàwó, ta ló já àpò mi?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí o ò tètè já a?"

Mo yíjú sí ọkọ mi. Àjà ọsibítù ló ń wò, bí ẹni tó fẹ́ ka ìṣó inú rẹ̀.