"Figure Eight" Àbúrò Mi

Bí obìnrin tí ara rẹ̀ dára bá ń kọjá lọ ní Upper Sakponba, ní ìlú Benin, ẹnìkan gbọ́dọ̀ pariwo "figure eight" tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ẹẹ́jọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wí: òkè rẹ̀ kún, àárín rẹ̀ fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún kún. Obìnrin tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò lábùkù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi í pe èrò, àwọn oníbàárà mi sì ń fi í bẹ̀ mí pé kí n rán an sára àwọn. Télọ̀ ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, aṣọ ló fún wọn ní in, Ọlọ́run ò fún wọn.

Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ ti Ọ̀wọ̀ wá sí Benin, kò ní in rí. Tíṣà ni ní Iyaro, ó sì sanra láti kékeré. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù, mo máa ń ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹẹ́jọ, òdo ni. Á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín náà dé inú ni.

Ní ọdún kan, ó wá rán gáùn tó fẹ́ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, mo wo ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àwọn èèyàn sí, ó ti fi íǹṣì mẹ́rin dín sí ti tẹ́lẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó tún fi mẹ́rin dín. Ìdí rẹ̀ ò tíì dín tó bẹ́ẹ̀, ó wá di ẹẹ́jọ. Mo pe àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà nítòsí kí wọ́n wá wo figure eight. Ó ń yí níwájú dígí, ó rọra ń yí, bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní parọ́, inú èmi náà dùn.

Mo ní òfin kan nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù: ọmọ wa tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí pidgin bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní gbọ́. Mo ti rí ọmọ Yorùbá tó pọ̀ ní ìlú yìí tí wọn ò lè kí ìyá àgbà wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, máa ń dúró lọ́dọ̀ mi tó bá ti jáde níléèwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi.

"Big Mummy, Mummy dey vomit everything wey she chop."

"Mi ò gbọ́. Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ó la ẹnu. Ó ní, "Mọ́mì ń... Mọ́mì ń..." Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe èébì ní Yorùbá. Ó wo ilẹ̀, ó padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo gbọ́ ọ, ta ni kì í gbọ́ pidgin ní Benin? Mo rò pé ibà ni, mo sì ní bí ọ̀rọ̀ bá ká ọmọ lára, yóò wá Yorùbá rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú. Lẹ́yìn èyí, kò sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí téèpù mi kan egungun ìdí àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà béèrè ìgbà tí èébì náà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ní kò tíì pẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé wa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ti ju oṣù márùn-ún lọ. Jẹjẹrẹ ni, inú ikùn ló wà, a sì ti pẹ́ jù kí a tó wá.

Mo bínú sí àbúrò mi lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà. Mo ní kí ló dé tó fi pa á mọ́. Kò bá mi jà.

Ó ní, "Sister mi, ẹ ò yìn mí rí àfi ìgbà yẹn. Mo ní kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi kú. Èmi ni mo rán gáùn tí a fi sin ín, ìwọ̀n tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ni mo lò, aṣọ náà sì tóbi jù.

Bàbá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà ń gbé báyìí. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ òwe yìí kí wọ́n tó bí i. Mo ti fagi lé òfin mi, mo sì ti sọ fún un pé kó fi èdè tó bá wù ú bá mi sọ̀rọ̀. Kò gbà. Yorùbá nìkan ló ń bá mi sọ. Láàárọ̀ àná, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó fọwọ́ di ikùn mú, ètè rẹ̀ ń mì.

Mo ní, "Abeg, talk am anyhow."

Ó mi orí pé rárá. Ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá.