Ariwo Ẹ̀rọ Inú Fóònù Bàbá Kàmọ́rù

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, mo fi ìka kan ṣoṣo pa iṣẹ́ ọdún mẹ́fà bàbá àgbàlagbà kan rẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo fẹ̀yìn ti àga, mo mu omi inú ọ̀rá, inú mi sì ń dùn pé fóònù náà ti yá.

Títílayọ̀ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Títí Onífóònù ni gbogbo ènìyàn ń pè mí níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Sàngó Ọ̀tà. Ìkirè ni mo ti wá. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Àgbárá ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé bísíkíìtì. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n sì ka èmi náà mọ́ àwọn tó ń lọ sílé, mo lọ kọ́ iṣẹ́ fóònù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa ọmọọṣẹ́ márùn-ún, èmi sì ni ọwọ́ mi yá jù. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn máa sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, mo máa ń sọ ọ́ fúnra mi.

Láti ìgbà tí fóònù tuntun ti wọ́n kọjá ohun tí apá ń ká, fífọ fóònù àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Fífọ̀ la ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀. Fóònù á máa háńgì, ìyẹn ni pé ẹ ó fọwọ́ kàn án, á dúró bí ẹni tó ń ronú, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kó tó dáhùn. Ẹni tó ni ín á ní fóònù òun ti gbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbó, inú rẹ̀ ló kún. Ẹ rò ó bíi yàrá kan ṣoṣo tí ẹbí mẹ́fà ń kó ẹrù sí: kí ẹ tó mú ṣíbí kan níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àpótí mẹ́ta kúrò lọ́nà. Fídíò àdúrà òwúrọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí gúrúùpù ẹbí fi ránṣẹ́, tí gúrúùpù àdúgbò náà fi ránṣẹ́, tí àna tún fi ránṣẹ́. Àwọn áàpù eré tí àwọn ọmọ gbà wọlé nígbà ọdún Iléyá wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Àṣẹ́kù tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń kó pamọ́ fún ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó sì ṣeé nù kúrò láìba ohunkóhun jẹ́. Tí mo bá kó gbogbo ìwọ̀nyí dànù, tí mo kó fọ́tò lọ sí mẹ́mórì káàdì, tí mo pa fóònù, tí mo tún un tàn, ó máa ń gbéra.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Múfú ní lórí iṣẹ́ yìí. Oníbàárà gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rẹ. Kí o tó pa fódà kankan rẹ́, wàá yí ojú fóònù sí i, wàá bi í pé kí lèyí, wàá sì dúró gbọ́ èsì. Ọ̀gá lè lo wákàtí kan gbáko lórí fóònù kan, kó máa gbọ́ ìtàn ìyàwó oníbàárà àti ìtàn ilẹ̀ tó fẹ́ rà, kó máa mi orí. Mo kà á sí àgbàlagbà tó fẹ́ràn àròyé.

Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ tí mo ń sọ yìí ni Bàbá Kàmọ́rù wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú jalabíà funfun. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Àgbárá gẹ́gẹ́ bíi fítà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣe. Ó ní oṣù tó kọjá ni òun fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n máníjà ti ránṣẹ́ pe òun pé kí òun wá kọ́ àwọn fítà tuntun níṣẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá dára, wọ́n á fi òun síbẹ̀ fún ọdún kan. Ojú rẹ̀ ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti túká sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́, ó sì ní oṣù kan tí òun fi jókòó sílé gùn ju gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́ lọ.

"Fóònù yìí ni mo máa lò níwájú wọn," ó wí. "Kò gbọdọ̀ dójú tì mí. Bá mi kó gbogbo pàǹtí inú ẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ó ní ìrun Jímọ̀ ti ń lọ, òun á padà wá tí wọ́n bá kí i tán.

Ó yẹ kí n dúró dè é. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tó bá padà dé, tó rí fóònù rẹ̀ tó ń sáré, ẹnu á yà á, á sì yìn mí. Ìyìn yẹn ni mo ń lé. Mo fi sùúrù kó fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ lọ sí mẹ́mórì káàdì. Mo pa fídíò àdúrà rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kan fódà kan tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó lé ní igba, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí, àfi nọ́ńbà. Mo tẹ ọ̀kan, ariwo ni. Mo tẹ òmíràn, ariwo ni, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń wúkọ́ lókèèrè. Mo tẹ ẹ̀kẹta, kò yàtọ̀ létí mi. Mo ní ṣe ni Bàbá yìí ń jókòó lé fóònù rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gba ohùn sílẹ̀ láìmọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo yan gbogbo rẹ̀, mo pa á rẹ́. Mo tún lọ síbi tí fóònù máa ń tọ́jú ohun tí a bá pa rẹ́ sí fúngbà díẹ̀, mo da ibẹ̀ náà nù kí àyè lè ṣí dáadáa.

Bàbá padà dé, ó fọwọ́ kan fóònù, ó rí i pé ó ń dáhùn kíá. Ó yìn mí lóòótọ́, ó sì ṣàdúrà fún mi. Ó wá ní òun fẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Títí, níbo lo kó àwọn ẹ̀rọ mi sí?"

Mo bi í pé ẹ̀rọ wo. Ó ní láti ọdún mẹ́fà tí òun ti ra fóònù náà, ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ bàjẹ́ ni òun máa ń gbé fóònù sún mọ́ ọn, tí òun á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ríìnì tí gíríìsì ti gbẹ nínú rẹ̀ ní igbe tirẹ̀. Bẹ́líìtì tó ti rọ̀ ní tirẹ̀. Fítà tó bá mọ igbe wọn á tètè tún ẹ̀rọ ṣe kó tó dákẹ́, kò sì ní sí pé ẹnì kan ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti wá ohun tó ṣe é. Ariwo ilé-iṣẹ́ ti mú etí òsì Bàbá lọ, ìgbà tó rí i pé ó ń lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ohùn náà jọ. Ohun tó fẹ́ fi kọ́ wọn ní Mọ́ńdè nìyẹn. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé.

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Bàbá, ẹ dákun, mo ti pa wọ́n rẹ́. Mo rò pé ariwo lásán ni."

Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fóònù lé itan, ó ń wò ó. Mo so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo lo gbogbo ohun tí mo mọ̀ láti fi fa ohun tí a ti pa rẹ́ padà. Méje péré ló jáde, méjì nínú rẹ̀ sì ti já wẹ́wẹ́. Mo ní kí n tẹ̀ lé e lọ sí Àgbárá lọ́jọ́ kejì ká lọ gba òmíràn sílẹ̀. Ó kọ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà ni òun ti tún ṣe, wọn kò ké mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bà wọ́n jẹ́ nítorí kí òun lè rí ohùn gbà.

Mo bọ́ síta, mo pe Ọ̀gá Múfú. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó kọ́ mi ní ọgbọ́n kọ̀ǹpútà kan tí n kò mọ̀.

"Ṣé ó jókòó síwájú rẹ nígbà tí o ń pa á rẹ́?" ó bi mí.

"Rárá, ọ̀gá."

"Ó ti jókòó báyìí. Lọ bi í."

Mo wọlé padà, mo sì bi í, torí n kò ní ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ní, Bàbá, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, kí ni? Bàbá di ojú. Ó gbá orúnkún rẹ̀ mú, ó ya ẹnu, ohùn kan sì jáde tí n kò retí rárá lẹ́nu ẹni tó wọ jalabíà Jímọ̀: "Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-gbì. Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-gbì." Ó ní ẹ̀rọ tó ń wé ọ̀rá nìyẹn, nígbà tí ọ̀bẹ inú rẹ̀ bá ti kú.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró ti irú ẹ̀rọ yẹn. Mo sọ fún Bàbá pé tí tiwa bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbì báyìí, ṣe ni àwa obìnrin ìdí ẹ̀rọ máa ń ṣẹ́jú síra wa, torí a mọ̀ pé kò ní ju ọjọ́ méjì lọ tó máa dúró, a ó sì rí àyè jókòó.

Bàbá lajú. "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún fítà?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn wá, Bàbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹkún ni. Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti ṣí. Èmi tí n kò di sípánà mú rí, mo gbọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́nu Bàbá, mo sì mọ ohun tó ń ṣe é. Mo gbé fóònù náà, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo ní kó tún un ṣe, kó sì sọ ohun tó fà á àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

A ò dìde títí di ìrun Alásàrí, Bàbá kí i níwájú ṣọ́ọ̀bù, a tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ríìnì tó gbẹ: "Fíììn-kẹ́, fíììn-kẹ́." Bẹ́líìtì tó rọ̀: "Pàlà-pàlà-pàlà." Nígbà tó kan ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́, Bàbá wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbọ̀n látòkè délẹ̀, ó sì ń mí gúlegúle. Ìyá Bísí tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sáré wọlé pẹ̀lú ike omi, ó ti fẹ́ dà á lé Bàbá lórí. Mo dá a dúró. Bàbá kò tilẹ̀ lajú, ó ṣe ẹ̀rọ náà parí ná, ó ṣàlàyé àìsàn rẹ̀, kó tó kí Ìyá Bísí. Obìnrin náà fi àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì wá.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá tún wá, pẹ̀lú tíì nínú fíláàsì. Nígbà tí a fi parí, ohùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nílẹ̀. Bàbá ní kò sí èyí tó ṣẹ́kù, torí púpọ̀ nínú igba tí mo pa rẹ́ jẹ́ igbe kan náà láti ara ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ orúkọ ẹ̀rọ àti àìsàn rẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kó ẹ̀dà kan gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo kó ẹ̀dà kejì sínú mẹ́mórì káàdì.

Ní Mọ́ńdè, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò ju iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Nírọ̀lẹ́, Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ó sì wá tààrà sọ́dọ̀ mi. Ó ní àwọn fítà tuntun náà rẹ́rìn-ín dáadáa nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́ wọn lọ́rùn, ó kó wọn lọ sáàárín àwọn ẹ̀rọ, ó sì ní kí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé páálí lọ, ó ní, Bàbá, èyí ń ṣe fíììn-kẹ́. Wọ́n tú u wò, gíríìsì ti gbẹ nínú rẹ̀. Máníjà wà níbẹ̀. Kò dúró de òpin ọ̀sẹ̀ kó tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ọdún kan fún Bàbá. Mo sunkún, mo sì sọ fún Ìyá Bísí pé eruku ló kó sí mi lójú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, fóònù Bàbá tún ń háńgì. Mo ṣí i, inú rẹ̀ kún dẹ́nu fún ohùn. Ó ti ṣòfin fún àwọn fítà tó ń kọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di sípánà mú lórí ẹ̀rọ kan láìkọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe igbe ẹ̀rọ náà, kó gbà á sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí òun. Bàbá jókòó síwájú mi, mo yí ojú fóònù sí i, mo ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi etí ọ̀tún tì í. Ọ̀kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbìyànjú ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́, èémí rẹ̀ ń tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Kò jọ ẹ̀rọ kankan. Bàbá gbọ́ ọ dópin, ó ní kí n tún un tẹ̀.

"Kò tíì débẹ̀," ó wí. "Má pa á rẹ́."