Yanrìn Ilẹ̀ Àánú

Láàbù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdọ̀tí ni wọ́n ń gbé wá fún wa. A ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì sọ bóyá ó léwu tàbí kò léwu. Bí a bá ní kò léwu, ààtàn ló ń lọ. Bí a bá ní ó léwu, ẹni tó ni ín ni yóò wá ibi tó máa gbé e gbà. Àwọn ará ilé wa kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí nídìí oúnjẹ, n ò sì dá wọn lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé nǹkan funfun kan wá nínú ike ọ̀dà, ó kúnná bíi yanrìn etí odò. Ibi ìwakùsà kan lókè ló ti wá. Omi tó ń jáde nínú kòtò ìwakùsà yẹn máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ní òjé nínú. Wọ́n á da ìyẹ̀fun funfun sí i kí òjé lè silẹ̀. Omi á tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni wọ́n sá gbẹ. Àwọn ará ìlú ibẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n bá ń kó o bọ̀ l'Ékòó. Èkó kì í kúkú kọ nǹkan.

Mo fi omi lásán gbọ̀n ọ́n, n ò rí nǹkan kan. Mo fi omi tó kan díẹ̀ gbọ̀n ọ́n, nítorí bí omi inú ààtàn ṣe ń rí nìyẹn, òjé bá tú jáde. Mo kọ ọ́ pé ó léwu. Ojú ọ̀gá mi le, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe Ìgàndó lóore, torí ibẹ̀ ni èmi àti màmá mi ń gbé, a ò sì jìnnà sí ààtàn.

Ìjọ aláṣọ funfun ni màmá mi ń lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni ilẹ̀ àánú wà, àgbàlá oníyanrìn tí wọ́n ti máa ń yí gbirigbiri bí wọ́n bá ń bẹ Ọlọ́run. Òjò ti gbá yanrìn ibẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ń gbàdúrà kí Olúwa pèsè òmíràn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, màmá mi ti ibẹ̀ dé tayọ̀tayọ̀.

"Awakọ̀ típà kan ló wá dà á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n lé òun padà níbi tí òun fẹ́ dà á sí. Ó funfun báláú, ṣá wá wò ó."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, torí wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Mo mọ eruku tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n lé típà yẹn.

"Màámi, májèlé ni o. Àwa la yẹ̀ ẹ́ wò."

"Nítorí iṣẹ́ rẹ yẹn ni mo ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá máa yí níbẹ̀, kó má bàa bọ́. Ọlọ́run ò ní fi májèlé dá mi lóhùn, jàre."

Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní, "Ti oníbàárà ni rìsọ́ọ̀tì yẹn, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì màmá ẹ. Bó bá jáde, má wulẹ̀ wá síṣẹ́ mọ́." Mo lọ bá wòlíì wọn, mo ní kí wọ́n kó yanrìn náà kúrò. Wòlíì béèrè bí mo ṣe mọ̀ pé kò dáa. Mo ní mo kàn mọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà kàn mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán an. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní Ọjọ́rú, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn ìyá wà lórí ilẹ̀ àánú. Màmá mi ń yí, ó ń pe orúkọ mi, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ òógùn ojú rẹ̀ dé ètè. Òógùn kì í ṣe omi lásán, ó kan díẹ̀.

Mo wọ àárín wọn lọ tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Àdúrà dá wáí.

"Bọ́ bàtà, ọmọ mi," ni màmá mi wí.

"N ò ní bọ́ ọ, Màámi. Ẹ dìde."

Inú bí wòlíì. Ó ní mo ti fi bàtà ba ilẹ̀ àánú jẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ gbàdúrà níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá gbá gbogbo yanrìn náà kúrò pátápátá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi gbá a. Mo fi ìbòmú bomú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo kó o sínú àpò títí ilẹ̀ fi hàn.

Àdúrà màmá mi gbà, iṣẹ́ mi ò bọ́. Ṣùgbọ́n ààtàn ò gba àwọn àpò yẹn, nítorí ohun tí mo kọ. Ọ̀gá mi ní òun ò fẹ́ gbọ́. Àwọn tó ni ín ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Abẹ́ fèrèsé wa ni àwọn àpò náà wà, mo fi ọ̀rá bò wọ́n. A kì í ṣí fèrèsé náà mọ́, ooru sì ń mú wa nínú yàrá.

Ìjọ ní kí màmá mi má tíì wọ sùtánà, nítorí èmi. Inú yàrá ló ti ń gbàdúrà báyìí, ó máa ń kọjú sí fèrèsé yẹn. Láàárọ̀ àná, mo bi í pé kí ló ń tọrọ.

Ó ní, "Ibi tí a máa gbé e gbà."

Mo bá kúnlẹ̀ tì í.