Ògiri Tó Ń Móoru Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Alida

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ti sú mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó ní lọ́kàn mọ́. O bi ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọ pé èló ni, á ní "ó bẹ̀rẹ̀ láti iye báyìí". Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó wá parí síbo? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lóṣù Jánúárì, irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ wọ ilé Dina Bouwsma. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé fífọ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde nínú ẹ̀rọ agbẹṣọ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Dina ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. "Bẹ̀rẹ̀ láti" ni kò kà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Dina kì í ṣe ahun o. Bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá ládùúgbò wa, ìkòkò ọbẹ̀ Dina ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Táwẹ́ẹ̀lì tó bá gbó, á gé e fi nu àwo. Tí ìyẹn bá tún gbó, á fi dí etí fèrèsé kí òtútù adágún ńlá tó wà nítòsí wa má baà wọlé. Bébà tí wọ́n fi di bọ́tà, á ká a pamọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.

Marvin ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ díákónì, burú jù ú lọ. Ọkùnrin náà kò pe oníṣẹ́ ọwọ́ sílé rí títí ó fi kú. Nígbà tí orúnkún Dina bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Marvin fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ agbẹṣọ kúrò ní yàrá abẹ́ ilé, ó gbé wọn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sí àárín gbùngbùn ilé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ̀rọ kò wá rí ògiri ìta tó sún mọ́ ọn. Marvin fi páìpù gba inú ògiri yàrá ẹ̀yìn, ó fi gba abẹ́ òrùlé, ó wá yọ ọ́ sórí òrùlé. Nígbà tí òjò yìnyín tán lọ́dún náà, ẹyẹ wá kọ́ ìtẹ́ sẹ́nu páìpù. Marvin gun òkè, ó fi wáyà oníhò bo ẹnu rẹ̀, ó fi ìṣó mẹ́jọ kàn án pa. Ó ní ẹyẹ tí kò sanwó ilé kò ní bá òun gbé. Dina ló di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé. Marvin ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni Dina tẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alida sí. Àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti gba apá òsì Alida àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ Alida fẹ́ gbé e lọ sílé àwọn arúgbó, Dina ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó gbé e wálé, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Àyàfi ọjọ́ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀rọ kankan kì í dún nílé Dina. Ohun tó bá rin, á wà nínú agbọ̀n di Mọ́ńdè. Nítorí náà, láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀rọ agbẹṣọ kì í sinmi.

Nígbà òtútù ọdún yẹn, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó gbẹ. Ohun tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀kan ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Alida kò mọ̀yẹn. Ohun tí òun mọ̀ ni ògiri.

"Dina," ó ní, "ògiri yìí ń móoru. Wá fọwọ́ kàn án."

Dina fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ó dà bí ìgbà tí màlúù bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì," ni Alida wí. Ọmọ oko màlúù ni àwọn méjèèjì. "Mò ń gbádùn rẹ̀. Gbé mi sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i."

Dina gbé e sún mọ́ ọn. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé iná tí òun sanwó rẹ̀ kò lọ sófo, pé egungun ẹ̀gbọ́n òun ló ń yá. Àmọ́ nígbà tó pa dà sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ tó gbé lé e lórí, kíákíá ló gbé e kúrò. Ọjọ́ yẹn ló wá ìwé pélébé náà jáde.

Lubbert Zylstra, ẹni tó ni ìwé pélébé náà, ló wá, ní Fúráìdè. Ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó fa ẹ̀rọ náà síwájú, ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀.

"Mísísì Bouwsma, ìgbà wo lẹ fọ páìpù yìí kẹ́yìn?"

"Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ló ń wọ ibẹ̀. Kí ló fẹ́ dọ̀tí?"

"Ìhùùhù aṣọ ni, mà. Ó ń bọ́ lára aṣọ, ó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ó gbẹ ju koríko lọ, kíá ló ń gbiná. Ta ló fi páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà yìí síbí?"

"Marvin ni. Má sọ nǹkan kan sí Marvin."

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà." Ó dìde, ó fọwọ́ kan ògiri, ó tẹ̀ lé ògiri náà títí ó fi dé yàrá ẹ̀yìn. Ó rí Alida lórí ibùsùn, ó kí i, ó wò bí ibùsùn ṣe sún mọ́ ògiri tó. Ó pa dà wá bá Dina. "Èèyàn ń sùn síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èló lo máa gbà?"

"Iye tó wà nínú ìwé, ti páìpù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni, tó gba ògiri jáde tààrà. Tiyín tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ó ní kọ́nà mẹ́rin, orí òrùlé ló sì yọ sí. Yìnyín wà lórí òrùlé yẹn, mi ò lè gùn ún láìsí okùn àti ẹnìkejì. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ò fọ̀ ọ́. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí náà gbọ́dọ̀ kúrò kí n fi onírin sí i. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ dọ́là ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá."

Dina wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Lubbert, páìpù ni mo ní kí o fọ̀, mi ò ní kí o kọ́ ilé tuntun. Bàbá rẹ máa ń gba ẹyin lọ́wọ́ màámi, á sì lọ."

"Bàbá mi kì í gun òrùlé nínú yìnyín."

"Ó máa ń gun ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹyin tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lubbert rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. "Ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà ṣe é níye inú ìwé. Màá ti búrọ́ọ̀ṣì gòkè láti ìsàlẹ̀ níbí, màá fi afẹ́fẹ́ lé gbogbo ìdọ̀tí jáde sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀? Wáyà, nẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun?"

Dina rí wáyà náà lójú ara rẹ̀, pẹ̀lú ìṣó mẹ́jọ tó wà lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, okùn ti dé nìyẹn, ẹnìkejì ti dé, ọ̀ọ́dúnrún ti dé.

"Rárá," ó ní.

"Ó dá yín lójú?"

"Èmi ni mo di àkàbà mú fún Marvin."

Òótọ́ sì ni, òun ló di àkàbà mú. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń fi òótọ́ purọ́.

Lubbert ti búrọ́ọ̀ṣì gòkè. Ó ń dún kàràkàrà nínú ògiri. Alida kígbe jẹ́jẹ́ láti yàrá ẹ̀yìn pé, "Lubbert, ìwọ ló ń họ ẹ̀yìn màlúù mi?" Búrọ́ọ̀ṣì ti dé ibi kan lókè tó rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò sì kọjá ibẹ̀. Ó fi afẹ́fẹ́ sí i, ó jáde lọ wo òrùlé láti ìta. Yìnyín ń rọ̀ gan-an, kò rí nǹkan kan.

"Mi ò rí i kó jáde," ó wí nígbà tó wọlé. "Bóyá yìnyín ni ò jẹ́ kí n rí i. Ẹ má tan ẹ̀rọ yìí títí màá fi pa dà wá ní Túsìdè. N ò ní gba kọ́bọ̀ sí i."

"Mo gbọ́," ni Dina wí. Ó fún un ní bíṣíkíìtì mú relé.

Mọ́ńdè dé. Agbọ̀n kún dé ẹnu. Láàárọ̀ yẹn, Alida ti tọ̀ sí aṣọ ibùsùn gbígbẹ kan ṣoṣo tó kù. Dina sá méjì sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n dì gan-an bíi pákó. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ, ó rò ó pé Lubbert ṣáà ti fọ̀ ọ́. Ó tàn án.

Èyí àkọ́kọ́ gbẹ. Ó kó ìkejì sí i.

"Dina," ni Alida pè, "màlúù yìí ti gbóná jù."

"Mò ń bọ̀."

"Ó ń rùn."

Dina fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́wọ́ lé ògiri, ọwọ́ náà kò lè dúró síbẹ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń wú bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Ó sáré lọ pa ẹ̀rọ náà, ó pa dà wá, ó dẹtí. Nǹkan kan ń jẹ inú ògiri wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí eku, ẹ̀rọ sì ti kú.

Lubbert ni Dina kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

"Lubbert, wáyà wà níbẹ̀."

Ó ní, "Mo ti ti gbogbo rẹ̀ lọ mọ́ wáyà nìyẹn. Ẹ pe panápaná. Ẹ gbé Alida jáde. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri yẹn."

"Kò lè rìn."

"Ẹ fi aṣọ ibùsùn wọ́ ọ. Mò ń bọ̀."

Obìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ títí dé orí àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Èéfín ti ń yọ lábẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Ṣé ilé ń jó ni?" ni Alida bi í.

"Ó ń jó."

"Eyín àtọwọ́dá mi wà nínú kọ́ọ̀bù."

"Alida, dákẹ́."

Àtẹ̀gùn ku mẹ́rin nígbà tí Lubbert wọlé, ó gbé e lápá, wọ́n gbé e jáde sínú yìnyín. Kò pẹ́ tí òrùlé ẹ̀yìn fi wó lulẹ̀ sórí ibùsùn náà. Iwájú ilé nìkan ni panápaná rí gbà là. Ọ̀kan nínú wọn mú wáyà náà wá fi han Dina, ìhùùhù lẹ̀ mọ́ ọn nípọn bíi búrẹ́dì tó jóná.

Ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ti ń sọ pé iṣẹ́ Zylstra ló jó ilé. Dina gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní irọ́ tí òun pa ló jó o. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Wọ́n gbé Alida wá sílé àwọn arúgbó níbí, sí yàrá tó kàn mí. Ògiri ibí ò nípọn, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí Dina kọ́kọ́ wá, Alida jẹ́ kó jókòó tán.

"Mo gbọ́ nígbà tí Lubbert bi ọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èló ló wà láàárín iye méjèèjì?"

"Dọ́là igba ó lé mọ́kànlá."

Alida rò ó. "Iye mi nìyẹn."

Láti ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni Dina ń wá, á kó aṣọ ibùsùn Alida, á lọ fọwọ́ fọ̀ ọ́, á gbé e wá lọ́jọ́ kejì, Alida á sì kọjú sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n lánàá, bó ṣe ń tẹ́ aṣọ náà lọ́wọ́, mo gbọ́ tí Alida fọwọ́ lu ibùsùn, ó ní, "Dina, jókòó. Bó o bá fẹ́ kí n" — mò ń bọ̀, nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́, oògùn ò ní sá lọ, ẹ jẹ́ kí n — ó ní, "bó o bá fẹ́ kí n dárí jì ọ́..." Nọ́ọ̀sì ti dé.