Ilé Wa ní Treichville Lẹ́yìn Tí Wọ́n Tún Un Ṣe

Ọdún mẹ́tàlélógún ni èmi àti ọkọ mi fi gbé inú ilé àtijọ́ kan ní Treichville, àdúgbò kan létí ọ̀sà ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ló kọ́ ọ nígbà ìjọba wọn. Ògiri rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan, àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ti ń dáná. Obìnrin ẹ̀yà Dyula kan tó dàgbà jù mí lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Láràárọ̀, á pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyàwó, ṣé o ti jí?" Ẹnu mi ló ti kọ́ Yorùbá yẹn.

Ọkọ mi ti kú nígbà tí àwọn tó ni ilé ní ká kó jáde kí wọ́n lè tún ilé náà ṣe. Wọ́n ṣèlérí pé àwa ayálégbé àtijọ́ yóò padà sí ìsàlẹ̀ ní owó tí agbára wa ká, pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yóò gba òkè. Mo lọ bá àbúrò mi ní àdúgbò Williamsville. Obìnrin Dyula yẹn lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bouaké, ìlú tó jìnnà.

Wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ, mo sì padà sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ́ nǹkan tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé sábẹ́ páànù tuntun, wọ́n to pátákó tó ń fa iná lára oòrùn sórí rẹ̀, wọ́n tún fèrèsé ṣe kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gba inú ilé kọjá. Lọ́sàn-án gangan, n kì í tan fáànù. Ooru ló máa ń lé wa jáde sí àgbàlá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo pe Bouaké láti mọ̀ bóyá obìnrin Dyula yẹn máa padà. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá ò lè rìn mọ́."

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo din dòdò, mo gbé e lọ sókè. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣílẹ̀kùn.

"Bonjour, maman."

Èdè Faransé sá mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Jọ̀ọ́, gbà á kó tó tutù."

Ojú rẹ̀ tàn. "Mo gbọ́ o, màmá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni màmá mi. Mais, ṣùgbọ́n, sísọ ló le."

Ó fà mí wọlé. A jẹun tán, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ inú mi dùn. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn.

Kò pé oṣù mẹ́ta, ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí àdúgbò Biétry. Ó wá dágbére, ó kúnlẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó gba yàrá rẹ̀ lókè orí mi. A ò tíì pàdé.