Òróró Lára Ológbò Ìyá Mi

Mi ò fẹ́ràn ológbò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi papòdà, tí mo ń bẹ ìyá mi kó kúrò ní Ìgèdè kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi l'Adó, ó ní òun ò ní fi ológbò òun sílẹ̀. Mo gbà, torí mi ò fẹ́ kó dá gbé. Mi ò mọ̀ pé olóyún ni mo ń gbé sínú ọkọ̀. Kí a tó dé àdúgbò Adébáyọ̀, ológbò náà ti bì sí mi lẹ́sẹ̀. Èébì náà gbóná, irun eku wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé mi ti ń rùn. Ológbò náà ń tọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé alángbá tí kò lórí wá sórí ìrọ̀rí mi. Bí a bá ń kọrin àdúrà òwúrọ̀, á jókòó síwájú mi, á máa lá ìdí ara rẹ̀.

Ìyá mi ò tíì tú àpò aṣọ rẹ̀. Ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tí ológbò náà kọ oúnjẹ, òun náà kọ oúnjẹ.

Ó ní, "Bó bá kú síbí, ulé mi ni mò ń lọ. Mi ò bá ẹ jà o."

Nínú ìjọ wa, àwa ìyá ìjọ máa ń gbàdúrà sí òróró, a ó sì fi pa ikùn aboyún. Èmi ni mo máa ń di ìgò náà mú. Mo rò ó pé Ọlọ́run kan náà ló dá ológbò. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fi òróró pa ikùn rẹ̀. Ó rọ̀, àwọn ohun kan sì ń yí nínú rẹ̀. Mi ò ṣahun òróró rárá.

Ó lá gbogbo rẹ̀ tán. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru, láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Èmi àti ìyá mi gbé e lọ bá dókítà ẹranko kan lọ́nà Fájuyì. Ó bi mí ohun tó jẹ. Ìyá mi ló dá a lóhùn: "Ó fi òróró àdúrà pa á lára."

Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ máa fi ẹnu nìkan gbàdúrà fún èyí. Ẹ fún un lómi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kán omi sí i lẹ́nu, tí itọ́ rẹ̀ ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi. Mo tẹ́ àkísà sínú páálí fún un. Kò wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, inú apẹ̀rẹ̀ tí mo ká aṣọ akọrin mi sí ló bímọ sí. Ó ń jẹ ibi ọmọ lórí aṣọ funfun náà, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Mo sáré lọ bì sẹ́yìnkùlé.

Ìyá mi pè mí padà. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ṣé gbogbo wọn ń mí? Fọwọ́ kàn wọ́n."

Lọ́jọ́ yìí, mi ò ní ọ̀rá lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ àti omi yíyọ̀ lẹ̀ mọ́ mi níka. Wọ́n ń mí. Ìyá mi ní òun máa jẹ ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tú àpò òun, kí n kó aṣọ òun kọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ aṣọ akọrin náà. Bí a bá ń tò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ara mi gbóná, òórùn ibi ọmọ yẹn ṣì ń yọ. Mo ń kọrin ọpẹ́ tọkàntọkàn, èébì sì ń gbé mi.